Ta Lo Fẹ́ Bá Jókòó?

Mọ́ńdè, 14 Jánúárì 1985. Òkè-Ìmẹ̀sí

Ilé ìwé wọlé lónìí. Ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí orí òkè títí oòrùn fi ga. Ìdajì àwọn ọmọ ni kò tíì dé. Àwọn tó dé, ètè wọn ti là.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí nítorí Dókítà Fọlọ́runṣọ́, ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà lórí iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì ní Ifẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ máa wo ọmọ ọlọ́mọ, kó máa wo ara rẹ̀ náà. Kí n kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀, kí n sì kọ ohun tó bá bí mi nínú.

Iṣẹ́ náà kò nira láti sọ. Ọ̀nà wo la lè gbà láti wọn bí àwọn ọmọ tó ti ń bàlágà ṣe ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣe? Ta ló ń bá ta rìn, ta ni wọ́n ń yà fún? Àwọn òyìnbó ti ṣe ìwé ìbéèrè tiwọn. Èmi ni mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè wúlò fún àwọn ọmọ tiwa. Bí ó bá yọrí, mo gboyè Másítà mi lọ́dún yìí. Mo ti tó ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Mi ò fẹ́ kó rékọjá ọdún yìí.

Fúráìdeé, 18 Jánúárì

Mo ń tún àwọn ìbéèrè náà ṣe. Ọ̀kan ní, "Mélòó nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ló máa ń pè ọ́ lórí tẹlifóònù?" Mo kà á sétí Dorcas. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Tẹlifóònù kan ṣoṣo tó wà nílùú yìí wà ní póòsìófíìsì, ó sì ti tó ọdún kan tó ti yadi.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí n bi wọ́n pé, bí omi ẹnì kan bá ti kún ní ìsun, tí tìrẹ ò tíì kún, ta ni yóò dúró dè ọ́? Agbẹ̀bí ni ní mátánítì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Mo kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́.

Túsìdeé, 22 Jánúárì

Mo fi kíláàsì kejì dán an wò. Wọ́n rò pé ìdánwò ni. Wọ́n ń wo ìwé ara wọn. Ọmọ kan na ọwọ́, ó ní, "Sà, máàkì mélòó ni gbogbo ẹ̀?" Ẹni tó jókòó tì í da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ. Mo kó gbogbo rẹ̀ jùnù. Nígbà mìíràn, màá tú wọn ká sórí pápá kí wọ́n tó kọ ọ́.

Kóńgò gàrí tún ti gbówó lórí. Kò sí mílíìkì rárá.

Tọ́sìdeé, 24 Jánúárì

Kíláàsì kẹta B lónìí, kíláàsì Bùnmi ọmọ mi. Mo ti rò ó pé bóyá kí n fò wọ́n, ṣùgbọ́n pírínsípà ní àwọn ló dára jù fún iṣẹ́ mi: ọmọ àgbẹ̀, ọmọ oníṣòwò, ọmọ tíṣà, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, gbogbo wọn wà níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Òótọ́ ló sọ. Láìsí wọn, iṣẹ́ mi kò lè dúró.

Wọ́n jókòó káàkiri abẹ́ igi gíméláínà. Mo ṣe ìlérí fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò ní rí ohun tí wọ́n bá kọ àyàfi èmi àti olùkọ́ mi ní Ifẹ̀, àti pé a ò ní fi í na ẹnikẹ́ni. Philip, ọmọ gíga tó jẹ́ balógun bọ́ọ̀lù wọn, ní kí n jọ̀ọ́ tún un sọ. Mo tún un sọ.

Kò sẹ́ni tó wo ìwé ẹlòmíràn. Inú mi dùn.

Sátidé, 26 Jánúárì

Lẹ́yìn ìmọ́tótó àyíká, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti kíláàsì kẹta B.

"Ta lo fẹ́ bá jókòó?" Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin kọ Nímọ́tà Ràímì, ọmọ Àlàájì tó ń ta obì. Mo ti fura sí ìyẹn. Àwọn ọkùnrin kọ Philip.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni, "Ta ni o kò fẹ́ kí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà?" Ẹni àkọ́kọ́ kọ Bùnmi Àlàbá. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọ́n ti jọ jà nìyẹn. Ẹni kejì kọ ọ́. Nígbà tí mo ka díẹ̀ sí i, mo dìde, mo lọ mu omi, mo padà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ, ọkùnrin àti obìnrin. Lójú ìbéèrè yòókù, kò sẹ́ni tó yàn án. Kò sẹ́ni tí yóò dúró dè é nísun.

Philip fi àlàyé sí tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò béèrè àlàyé. Ó kọ ọ́ pé, "Ohun tí a bá sọ lójú ẹ̀, ilé tíṣà ló ń sùn."

Sọ́ńdè, 27 Jánúárì

Ìwàásù kò wọ̀ mí létí. Bùnmi wà láàárín èmi àti ìyá rẹ̀, ó ń kọrin.

Mọ́ńdè, 28 Jánúárì

Mo sọ fún Dorcas. Kò yà á lẹ́nu tó bí ó ṣe yà mí. Ó ní láti bí Kérésì lòun ti rí i pé ọmọ náà kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Tẹ́lẹ̀, Nímọ́tà báyìí, Nímọ́tà bẹ́ẹ̀, títí oúnjẹ á fi tutù. Ó ní òun gbọ́ tí àwọn ọmọ kan ń kọjá lójú ọ̀nà, wọ́n ń pè é ní Rédíò Ulé, rédíò ilé tíṣà.

A rò ó títí a fi rí ibi tó ti wá. Ní táàmù tó kọjá, Philip àti àwọn mẹ́ta kan sá kúrò ní ilé ìwé lọ wo sinimá ní Ẹ̀fọ̀n. Mo mú wọn. A nà wọ́n, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ kan ro pápá. Bùnmi ti gbọ́ ìmọ̀ràn náà kí wọ́n tó lọ, torí iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti gbà á. Àwọn ọmọ fi ìyẹn ṣírò, wọ́n sì mú ìdáhùn wá pé òun ló tú àṣírí wọn.

Ìdáhùn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú mi ni mo fi rí wọn. Ṣùgbọ́n mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Mo kàn dárúkọ wọn lórí àpéjọ àárọ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀.

Sátidé, 2 Fẹ́búárì

Mo lọ sí Ifẹ̀. Epo wọ́n, takisí pẹ́ ní Iléṣà.

Dókítà Fọlọ́runṣọ́ ka ìwé náà lójú mi. Ó ní òun kẹ́dùn bí òun ṣe lè kẹ́dùn fún ẹni tó lọ́mọ, pé òun náà lọ́mọ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ti iṣẹ́. A óò tún bi àwọn ọmọ náà ní ìbéèrè kan náà ní oṣù kẹta. Bí ìdáhùn méjèèjì bá jọra, a mọ̀ pé òṣùwọ̀n wa dúró dáadáa. Bí mo bá lọ dá sí ọ̀rọ̀ wọn kí àkókò náà tó pé, ohun tí mo wọ̀n ní àkọ́kọ́ àti ohun tí mo bá wọ̀n ní ẹ̀ẹ̀kejì á di ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kíláàsì náà á bọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ọdún yìí á sì bá a lọ.

Mo ní ó yé mi. Ó yé mi lóòótọ́.

Nígbà tí mo délé, Bùnmi ti fọ aṣọ mi, ó ti lọ̀ ọ́.

Fúráìdeé, 8 Fẹ́búárì

Mo ń wo wọn nígbà ìsinmi láti fèrèsé yàrá àwọn olùkọ́, torí wíwò wà nínú iṣẹ́ náà. Àwọn obìnrin ń ta ayò lábẹ́ igi. Bùnmi ń rìn lẹ́yìn wọn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Bí wọ́n bá dúró, á dúró, á lóṣòó, á máa so okùn bàtà tí kò tú.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ti àwọn yòókù. Ọmọbìnrin, ọdún mẹ́rìnlá, ó ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ lókèèrè.

Túsìdeé, 12 Fẹ́búárì

Dorcas bi mí pé ìgbà wo ni màá sọ fún wọn pé èmi ni mo rí wọn. Mo ní oṣù kẹta, lẹ́yìn ìbéèrè kejì. Kò bá mi jà. Ó kàn ní oṣù kẹta jìnnà sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ju bó ṣe jìnnà sí mi lọ.

Wẹ́sìdeé, 20 Fẹ́búárì

Kíláàsì kẹta lọ kọ ebè ní oko ilé ìwé, lójú ọ̀nà Ìdó-Ilé. Àwọn ọmọ ti ń bọ̀ wálé, èmi kò rí Bùnmi. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Dorcas wọ bàtà kó lè lọ wò ó, mo ní kó jókòó, mo gun kẹ̀kẹ́ mi.

Mo pàdé rẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti yí gba ẹ̀bá òkè. Ẹsẹ̀ kan ní sálúbàtà, ìkejì ṣófo. Ọkọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gún ti fa ojúgun rẹ̀ ya. Wọ́n ti gbé ọkọ́ àti sálúbàtà rẹ̀ pamọ́ sínú igbó, wọ́n ní tíṣà oko ti sọ pé ẹni tí kò bá rí ọkọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọlé. Tíṣà oko ti kó àwọn tó ṣáájú lọ. Ó ń wá a títí gbogbo wọn fi lọ tán.

Mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ó di ẹ̀wù mi mú bí ìgbà tó wà ní kékeré. Kò sunkún. Ìyá rẹ̀ ló sunkún nígbà tó ń fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Tọ́sìdeé, 21 Fẹ́búárì

Mo jí pẹ̀lú ẹgba nínú ọkàn mi. Mo pè é kó tó jáde. Mo ní kó dárúkọ wọn.

Ó ń kó ìwé sínú báàgì rẹ̀ lọ. Mo ní bí kò tilẹ̀ sọ, màá mọ̀ wọ́n.

Ó wá gbójú sókè. "Dádì, wọ́n ń pè mí ní Rédíò, mi ò sì sọ ohunkóhun rí. Bí mo bá wá dárúkọ wọn fún yín lónìí, òótọ́ ni wọ́n ti ń sọ látẹ̀yìnwá."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó ń tiro lọ sílé ìwé. Mo fi ẹgba sílẹ̀ nílé. Mi ò bi tíṣà oko, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ́ wọn ní jógíráfì. Mo ní kí wọ́n ya àwòrán odò Ọya, mo jókòó.

Fúráìdeé, 22 Fẹ́búárì

Mo lọ bá kíláàsì kẹta B kí agogo àkọ́kọ́ tó dún. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ bà jẹ́, mo sì bà á jẹ́.

Mo sọ fún wọn pé ní oṣù kọkànlá, mo ń ti Ifẹ̀ bọ̀, takisí wa dúró ní Ìtàwúrẹ́ kí awakọ̀ lè bu omi sí mọ́tò. Lọ́rí kan kọjá lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ẹni mẹ́rin jókòó lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi aṣọ borí, ṣùgbọ́n ṣòkòtò ilé ìwé wa ló wà nídìí wọn. Bí lọ́rí ṣe gba ihò kan, aṣọ bọ́ lórí wọn. Mo ní, "Ojú ara mi ni mo fi rí yín. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún mi, nínú ilé mi tàbí níta."

Philip ló dìde. "Sà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa rò pé kò síbi tí mi ò létí sí."

Ó wò mí díẹ̀, ó jókòó. Bùnmi ń wo orí tábìlì rẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n. Agogo dún, mo jáde.

Nírọ̀lẹ́, ó ní òun ò fẹ́ jẹun pẹ̀lú wa. Ó ní mo ti lọ bẹ̀bẹ̀ fún òun lójú gbogbo ayé. Dorcas ní kí n fi í sílẹ̀.

Sátidé, 2 Máàṣì

Ifẹ̀. Dókítà kò bínú bí mo ṣe rò. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní kíláàsì kẹta B ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, kí n wá ilé ìwé mìíràn, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má sì rò ó pé mo lè kọ ọ́ tán lọ́dún yìí. Nígbà tí mo dìde, ó ní òun náà ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, pé ṣùgbọ́n kí n má kọ ìyẹn sínú iṣẹ́ mi.

Mo kọ ọ́ síbí.

Wẹ́sìdeé, 6 Máàṣì

Bùnmi ń dá mi lóhùn bí mo bá pè é, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru mú. Ẹ̀rọ omi ìjọba ò yọ láti ọjọ́ Sátidé.

Túsìdeé, 12 Máàṣì

Ìpotì. Pírínsípà ibẹ̀ jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, ó fún mi ní kíláàsì méjì, ó sì fi iṣu sísun dá mi lọ́lá. Mi ò lọ́mọ níbẹ̀, mi ò lẹ́gba níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà kọ̀wé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìbéèrè omi ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀: kò sẹ́ni tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fi í sílẹ̀ láìdáhùn. Mo délé, mo sọ ọ́ fún Dorcas, ẹni tó ni ín. Ó ní kí n kọ orúkọ òun sí iwájú ìwé nígbà náà.

Fúráìdeé, 15 Máàṣì

Philip wá bá mi lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí àwọn olùkọ́ yòókù ti lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí bóyá mo ka tirẹ̀.

Mo ní, "Mo ka gbogbo rẹ̀."

Ó ní, "Ẹ ò nà mí."

"Mo ti sọ fún yín pé a ò ní fi í na ẹnikẹ́ni."

Ó ń fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀. Ó ní láti oṣù kìíní ni àwọn ti ń retí ẹgba náà. Nígbà tí ti oko ṣẹlẹ̀, àwọn ò sùn. Àwọn mọ̀ pé Bùnmi á sọ, ẹgba méjèèjì á sì bọ́ sọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹta, mo wọlé, àwọn ti ń gbọ̀n, mo wá ń sọ̀rọ̀ Ìtàwúrẹ́. Ó ní ohun tí mo sọ níjọ́ náà, àwọn kan gbà á, àwọn kan ò gbà á, wọ́n ní bàbá lè purọ́ nítorí ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti oko, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. "Bùnmi mọ gbogbo àwa tó ṣe é," ó ní, "kò sì dárúkọ ẹnì kan."

Mo kíyè sí i pé ó ní "àwa." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ó kí mi, ó lọ.

Sọ́ńdè, 17 Máàṣì

Wọ́n gbé ọkọ́ kan ti ògiri wa lẹ́yìnkùlé. Ti Bùnmi ni. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dorcas ló rí wọn kó tó di àkókò ṣọ́ọ̀ṣì. Bùnmi gbé wọn wọlé.

Tọ́sìdeé, 21 Máàṣì

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lánàá. Ó ṣí páànù kan lọ lórí yàrá ẹ̀kọ́ ìsáyẹ́ǹsì. Lónìí, ojú ọ̀run mọ́, òkè sún mọ́ wa bí ẹni pé a lè fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí mo dé láti ilé ìwé, Nímọ́tà Ràímì wà lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú korobá lórí. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní omi ẹ̀rọ ò tíì yọ, òun ń lọ sí ìsun, bóyá Bùnmi fẹ́ lọ. Bùnmi ti inú ilé béèrè pé, "Ta nìyẹn?" bí ẹni tí kò mọ ohùn náà. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó jáde pẹ̀lú korobá tirẹ̀. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi yí kọ̀rọ̀.

Sátidé, 23 Máàṣì

Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, mò ń ka ìwé àwọn ọmọ Ìpotì. Kò bí mi nínú pé ọdún tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ náà máa tó parí. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bí mi nínú.

Mo gbọ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ láti ìsun, wọ́n ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé wa bọ̀. Wọ́n tó mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín tí omi fi ń dà sí wọn lára. Mo tẹ́tí sí i. Ohùn mi ni mo gbọ́: bí mo ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sọ̀rọ̀, bí mo ṣe máa ń fa "ẹ̀yin ọmọ yìí" gùn. Bùnmi ló ń sín mi jẹ. Ó sín mi jẹ dáadáa ju bí mo ṣe rò pé ẹnikẹ́ni lè sín mi jẹ lọ. Nímọ́tà ní kó jọ̀ọ́, kó dákẹ́, omi á dànù tán.

Wọ́n yọ sí mi lójijì. Gbogbo ẹnu pa. Wọ́n kúnlẹ̀ tìkorobátìkorobá, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ojú wọn sì wà nílẹ̀. Bùnmi dúró sáàárín wọn, ó ń wò mí.

Mo kó àwọn ìwé mi jọ, mo wọlé, mo sì pa ilẹ̀kùn dé. Dorcas bi mí pé kí ló dé. Mo ní kó dákẹ́ ná.

Kò pẹ́ púpọ̀, ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀.